Jogbo Yí Ilé Ká

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Keje

Adájọ́ ti pàṣẹ. Kí ilẹ̀ wà bó ṣe wà. Àwọn ará yáàdì kọ̀nténà ò gbọdọ̀ kọjá ibi tí wọ́n dé dúró. Àwa náà ò gbọdọ̀ gbìn, a ò gbọdọ̀ gé, a ò gbọdọ̀ hú ohunkóhun, títí òun alára yóò fi wá fojú rí ààlà. Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni kọ́ọ̀tù lọ fún ìsinmi. Ó di ìparí oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó padà.

Philip, lọ́yà wa, sìn mí dé ẹnu géètì. "Mọ́mì, ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ilé yẹn ṣófo. Ẹ lè jáde lọ́sàn-án, àmọ́ ẹnì kan gbọdọ̀ máa sùn níbẹ̀. Tí wọ́n bá bá a ní títì pa, wọ́n á ní a ti pa ilẹ̀ tì."

Ẹni tí ó máa ń sùn níbẹ̀ ni èmi. Ìpàdé ẹbí tó yàn mí kò pẹ́ rárá: mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ mi ti di olóògbé, Láídé ọmọ mi kan ṣoṣo wà nílé ọkọ n'Íbàdàn. Wọ́n ní àfi èmi. Wọ́n tún ní ewéko ni mo kà ní yunifásítì, pé ilé bàbá wa l'Ólódì yóò bá mi lára mu. Mùtíù àbúrò mi ló sọ èyí tó kẹ́yìn yìí, àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Keje

Mo rìn dé ìdí ààlà lẹ́yìn ilé. Pèrègún tí bàbá bàbá wa gbìn ṣì tò tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kànga dé ọgbà yáàdì, àfi ojú mẹ́rin tó ṣófo láàárín, níbi tí katakata wọn gbà wọlé lóṣù Kejì. Àwọn ará yáàdì ní katakata kankan ò dé ibẹ̀ rí, pé bí ibẹ̀ ṣe wà láti ilẹ̀ nìyẹn. Ojú tó ṣófo yẹn gan-an ni ẹjọ́ wa. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra mi, mo sì fọwọ́ lé Kùránì: mẹ́rin ni wọ́n hú.

Jogbo, ewéko kíkorò ẹ̀bá ọ̀nà yẹn, ti hù sórí ilẹ̀ tó kù, ó sì ti tó mi láyà. Nígbà ayé bàbá wa kì í ga ju orúnkún lọ, àdá ni wọ́n fi ń bá a wí. Ní báyìí òfin ló ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹjọ

Àwọn ará yáàdì ti fún Anayo, ọlọ́dẹ wọn, ní iṣẹ́ tuntun. Láràárọ̀ ó máa ń gun orí kọ̀nténà kan nínú ọgbà wọn, á gbé fóònù sókè, á ya ilẹ̀ wa lọ́tùn-ún, á yà á lósì, kí wọ́n lè mú wa bí a bá gé ewé kan. Lónìí mo dúró lójú fèrèsé, mo jẹ́ kó ya èmi náà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má bínú, na work."

"Mi ò bínú. Ṣé mo jáde dáadáa?"

Ó wo fóònù rẹ̀. "Ẹ jáde o. Igbó ló kàn bo ẹ̀gbẹ́ kan."

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Mùtíù dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, ó gbé báàgì kékeré kan dání, ó ní òun á sùn mọ́jú Ajé, kí n lọ rí Láídé. Oyún Láídé ti di oṣù méje. Mo lọ. Mo fọwọ́ kan ikùn ọmọ mi, mo jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọ̀ọ̀lẹ̀, mo sùn nínú yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá.

Omoefe ló pè mí lọ́sàn-án àná. Ọmọ Urhobo ni, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó ń ta omi àti káàdì fún àwọn awakọ̀ tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. "Màmá, your brother don waka o. Ó ní ẹ̀fọn ń jẹ òun. Kó tó kọjá títì ni àwọn yáàdì people ti gbé kọ̀nténà wá sẹ́nu ọ̀nà yín."

Mo padà lọ́jọ́ kan náà. Kọ̀nténà òfìfo ni, pupa, ó dí ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé pátápátá. Wọn ò gbé e sórí ilẹ̀ wa, etí títì ló wà, òfin ò sì sọ̀rọ̀ nípa etí títì. Ọ̀nà tó kù fún mi ni ipa ẹsẹ̀ tó gba àárín jogbo kọjá sí ìsọ̀ Omoefe.

Mo pe Mùtíù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀fọn ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fọn lásán."

"Ìwọ lo ní o máa sùn níbẹ̀ di òní."

"Mo sùn! Mo sùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé yẹn ò ní iná?"

Mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 oṣù Kẹjọ

Òjò ti dáwọ́ dúró láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Jogbo kò gbọ́. Ó ti bo orí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Òjò padà dé, ó sì mú ìbínú dání. Omi dúró lójú àgbàlá di ọrùn ẹsẹ̀. Jogbo ti bo fèrèsé méjèèjì, ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì. Mo ń tan àtùpà lọ́sàn-án gangan láti kàwé. Ipa ẹsẹ̀ ti dín kù di ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ gbà, bí mo bá sì gba ibẹ̀ kọjá, ẹnu mi á korò bí ẹni tó jẹ ewé náà.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ níléèwé nípa igi yìí lọ́pọ̀ ọdún. Mo sọ fún wọn pé àlejò ni, pé nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e wá láti òkè òkun, pé ó fo ọgbà àwọn òyìnbó jáde, ó sì di ti gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé ewé rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Mi ò sọ fún wọn pé ó lè ti ènìyàn mọ́lé, torí mi ò mọ̀.

Omoefe na ọrùn wọlé nírọ̀lẹ́. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n da ewúrẹ́ mi síbẹ̀. Kọ́ọ̀tù ní kéèyàn má gé e. Kọ́ọ̀tù no talk say make goat no chop."

Mo pe Philip, mo bi í.

"Ewúrẹ́ ta ni, Mọ́mì?"

"Ti aládùúgbò mi."

"Ṣé ewúrẹ́ náà mọ̀ yín?"

"A máa ń kí ara wa."

"Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún Omoefe, ó pàtẹ́wọ́. "Ah! Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Kírìkírì gan-an ń rí òòrùn jù yín lọ. Dem even get visiting day."

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹsàn-án

Kọ́ọ̀tù ti wọlé. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni adájọ́ yóò wá wo ilẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú Láídé ní ó di ìgbà tí oṣù náà bá ń lọ sópin kó tó bí. Ó bọ́ sí i gan-an: adájọ́ á wá, èmi á lọ wẹ ọmọ.

Mo ra ọṣẹ dúdú, òrí àti kànìnkànìn ní ọjà Boundary. Òrí ti gbówó lórí. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé kí ló fà á, ó ní tí mo bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kí n bá òun bi í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹwàá

Òdòdó àkọ́kọ́ là lójú fèrèsé. Ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó pọ́n bí pupa inú ẹyin awó. Mo wò ó títí tíì mi fi tutù.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù Kẹwàá

Gbogbo rẹ̀ ti là tán. Kò sí ibi tí mo lè kọjú sí tí mi ò rí òdòdó yìí, kò sì sí ibi tí mo lè dúró sí kí n rí pèrègún kan ṣoṣo. Oyin ń kùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òórùn rẹ̀ dára, n kò ní parọ́.

Àwọn ọmọge ń ti Ajégúnlẹ̀ wá ya fọ́tò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí mi lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ó fò sókè.

"Ẹ gbà mí o! Mummy, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín? Ó rẹwà gan-an!"

"Rárá, ọmọ mi. Mo kàn ń gbé inú rẹ̀ ni."

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹwàá

Mo lọ kí aláìsàn kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, Mùtíù ti jókòó sórí àga mi. Ṣòkòtò rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ń mu omi, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Mo ti bá wa tún un ṣe."

"Kí lo tún ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi ná."

"Mùtíù, kí lo tún ṣe?"

"Ààlà ni. Adájọ́ ń bọ̀ lọ́tùúnla. Ṣé ká jẹ́ kó wá bá ààlà bàbá wa bí ẹnu tí eyín ti ká ni? Mo wá pèrègún mẹ́rin láti Ìkòròdù. Àgbà pèrègún o, èyí tó nípọn bí apá mi. Mo rọra fa wọ́n gba àárín òdòdó kọjá, ẹnikẹ́ni ò rí mi, mi ò sì ṣẹ́ ewé kan. Mo gbìn wọ́n sójú tó ṣófo. Ẹ lọ wò ó! Ó dọ́gba!"

Mo jókòó sórí garawa.

"Ṣé o ka ìwé ìbúra mi?"

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Ṣé o kà á?"

"Mo fọwọ́ sí tèmi. Philip ní ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Mo búra pé wọ́n hú mẹ́rin, Mùtíù. Ojú tó ṣófo yẹn ni ẹ̀rí pé katakata wọn wọlé. Bí adájọ́ bá wá bá ìlà tó pé pérépéré, kí ni wọ́n hú?"

Oyin kan bọ́ sínú ife rẹ̀. Kò lé e. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀.

"Ilẹ̀ wa ni," ó wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Tiwa ni wọ́n hú. Tí wọ́n bá hú ààlà bàbá ẹni, ṣe ni wọ́n ń dá a padà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."

"Bí bàbá wa bá ń dájọ́, o jàre. Adájọ́ yìí ní ká má gbìn."

"Kí n lọ hú wọn nísinsìnyí."

"Ó ní ká má hú pẹ̀lú."

Àwa méjèèjì kàn jókòó síbẹ̀. Kò sí ohun tí a lè ṣe tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, títí kan kí a má ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Kẹwàá

Mo pe Philip, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mọ́mì, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Nẹ́tíwọ̀kì ò dára."

Nẹ́tíwọ̀kì dára. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pè mí padà. Ó ní bí wọn ò bá béèrè, ẹnu mi kì í ṣe agogo. Bí wọ́n bá béèrè, òun ò lè ní kí n purọ́.

"Bí òdòdó ò bá wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀ ńkọ́?"

"Ọlọ́run ló gbin òdòdó, Mọ́mì."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹwàá

A dúró láti àárọ̀. Adájọ́ kò wá. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù pe Philip ní ìrọ̀lẹ́ pé ó di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kẹwàá

Láídé ti bí. Obìnrin. Ara òun àti ọmọ le, àlùhámúdùlíláì.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wẹ ọmọ. Èèyàn dáadáa ni, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Láídé gba fóònù. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti wọkọ̀?" Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní kí n gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí.

Mùtíù ní òun á wá sùn nílé, kí n máa lọ. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn mi bá ti yẹ ìkóríta, á wọ inú òdòdó lọ hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì ní òun ti tún un ṣe. Mo ní kó jókòó sí Ìkòròdù rẹ̀.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Kẹwàá

Ìsọmọlórúkọ. Fóònù ni mo fẹ́ fi wò ó, ṣùgbọ́n àwòrán kò wọlé nínú ilé, ewé ti pọ̀ jù. Mo gba ipa ẹsẹ̀ jáde sí títì, kò wọlé níbẹ̀ náà. Anayo rí mi bí mo ṣe ń na fóònù sókè kiri.

"Mà, na up here network dey."

"Orí kọ̀nténà?"

"Ẹ wá. Mo máa di àkàbà mú."

Ó gbé àkàbà ti kọ̀nténà pupa tí wọ́n fi dí ọ̀nà wa. Èmi, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta, mo ká ìró mi sókè, mo gùn ún. Mo jókòó lórí irin gbígbóná, mo rí ọmọ-ọmọ mi nínú aṣọ funfun, mo gbọ́ bí Àlùfáà ṣe pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Zulfah. Nígbà tó kan orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ fún un, wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ọn, mo sì pe tèmi láti òkè yẹn: Ayọ̀kúnnúmi. Tírélà kan fọn fèrè lákòókò náà, wọ́n ní kí n tún un pè.

Anayo dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú títí ó fi parí. "Congrats, Grandma. Pikin fine?"

"Ó rẹwà."

"Ẹ jẹ́ kí n yà yín. This one no be for oga."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kọkànlá

Òdòdó ti ń rẹ̀, orí rẹ̀ ń dúdú, èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo wọ inú rẹ̀ lọ dé ìdí ààlà ní àárọ̀, kí Anayo tó gun òkè. Mo dúró níwájú àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin Mùtíù. Ó ti rúwé. Ó ti ta gbòǹgbò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé bàbá bàbá wa ló gbin òun náà.

Mo fọwọ́ mú un. Mo fà á díẹ̀, ilẹ̀ sì dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni ìyókù yóò gbà mí. Màá ro ilẹ̀ náà pọ̀, òjò á pa ojú rẹ̀ dé, ojú tó ṣófo á tún ṣófo gẹ́gẹ́ bí mo ṣe búra. Màá sì sùn ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí adájọ́ bá lọ tán.

Mo ronú nípa rẹ̀ dáadáa, mi ò kánjú. Bí mo bá hú u, òótọ́ tí mo búra sí á di òótọ́ tí èmi fúnra mi ṣètò. Mi ò ní lè sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ará yáàdì hú, Mùtíù gbìn, èmi náà á wá hú: ààlà wo ló kù nígbà náà?

Mo fẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ le padà. Mo wọlé lọ yọ èso jogbo kúrò lára aṣọ mi.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kọkànlá

Mùtíù pè lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ máa sọ?" Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá bi mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kọkànlá

Adájọ́ dé lẹ́yìn agogo mọ́kànlá. Obìnrin kúkurú ni, ó wọ bàtà òjò. Akọ̀wé rẹ̀ tẹ̀lé e, Philip wà níbẹ̀, lọ́yà àwọn ará yáàdì náà dé, ó mú Anayo wá pẹ̀lú àwọn fọ́tò rẹ̀. Mùtíù wọ agbádá funfun.

Lọ́yà yáàdì wo jogbo, ó wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní Olúwa mi lè wo ilẹ̀ náà láti ibi tí a dúró sí yìí.

"Igbó nìkan ni mò ń rí láti ibi tí a dúró sí yìí," ni adájọ́ wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ya igi, ó wọlé. Gbogbo wa tò lé e lẹ́yìn. Agbádá ń há, oyin tó ṣẹ́kù ń kùn, lọ́yà yáàdì ń rojọ́ fún ẹrẹ̀.

Ó dúró ní ìdí ààlà. Ó fi bírò rẹ̀ ka pèrègún láti ẹ̀gbẹ́ kànga lọ dé ọgbà, ó tún kà á bọ̀. Ó ṣí ìwé ìbúra mi.

"Mà, ẹ kọ ọ́ síbí pé wọ́n hú mẹ́rin. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti hú nǹkan."

Mùtíù ń wò mí. Philip ń wo oyin.

Irọ́ kan wà tó dára, ó sì ti dúró sẹ́nu mi. Pèrègún tí wọ́n hú a máa rú padà bí ìdí rẹ̀ bá kù nínú ilẹ̀. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Mo lè sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé nípa ewéko, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè já mi nírọ́.

"Olúwa mi, mẹ́rin yìí kì í ṣe ti bàbá bàbá wa. Àbúrò mi ló gbìn wọ́n lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti pàṣẹ."

Mo gbọ́ tí Mùtíù mí kanlẹ̀.

Lọ́yà yáàdì gbàgbé ẹrẹ̀. Ó ní ẹ gbọ́ o! Ó ní wọ́n ti tàbùkù kọ́ọ̀tù, wọ́n ń ṣẹ̀dá ààlà tí kò sí níbẹ̀ rí. Ó fa Anayo síwájú. "Ìwọ tí ò ń ya ibí lójoojúmọ́, sọ fún adájọ́. Ṣé pèrègún kankan wà lójú ibí yìí tẹ́lẹ̀?"

Anayo dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé. Ọ̀gá rẹ̀ ló fẹ́ ràn lọ́wọ́, ó hàn lójú rẹ̀. "No, Olúwa mi. Nothing dey here. Since that day wey our katakata comot the old ones, nothing dey here at all."

Lọ́yà yáàdì fa Anayo padà sẹ́yìn.

Adájọ́ ní kí Anayo tún un sọ, kó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, torí akọ̀wé ń kọ ọ́. Anayo tún un sọ. Ó fi oṣù Kejì kún un, kí ó lè yé wọn dáadáa.

Adájọ́ wá yíjú sí Mùtíù. "Ìwọ lo gbin mẹ́rin yìí?"

"Olúwa mi, mo fẹ́ kó dọ́gba ni."

"Kó dọ́gba." Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n Kírìkírì kò jìnnà síbí?"

Mùtíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, agbádá àti gbogbo rẹ̀.

Àṣẹ tuntun nìyí. Kí ilẹ̀ wà bó ṣe wà títí di ogúnjọ́ oṣù Kìíní, nígbà tí òun yóò dájọ́. Ẹni tó gbìn ni kó wá máa ṣọ́ ọ. Mùtíù fúnra rẹ̀ ni kó máa sùn nínú ilé náà, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Bí pèrègún kan bá sún kúrò ní àyè rẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbà ìbáà jẹ́ tuntun, Mùtíù ni òun yóò mú.

Philip béèrè pé èmi ńkọ́.

Adájọ́ ti ń ya igi láti jáde. Kò wẹ̀yìn. "Kí Mà máa lọ síbi tó bá wù wọ́n."

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kọkànlá

Ẹlòmíràn ló gun òkè láti ya fọ́tò láàárọ̀ yìí. Mo bi í léèrè Anayo, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Omoefe ní wọ́n ti lé e láti àná, pé ó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach. Mi ò gba nọ́ńbà rẹ̀ rí. Mo ní kí Omoefe bá mi wá a.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kọkànlá

Mùtíù dé pẹ̀lú ibùsùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, oògùn ẹ̀fọn àti fáànù oníbátìrì méjì. A kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kó ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó wo fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ta mí fún adájọ́."

"Mo dáhùn ohun tí wọ́n bi mí."

Ó rò ó. "Philip ní ọ̀rọ̀ tí Anayo sọ yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe máa pa á rẹ́. Ó ní ká má tíì yọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń yọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé mo lè gé ti ojú fèrèsé nìkan?"

"Rárá."

"Ẹ̀ka kan péré? Kí n lè rí ojú ọ̀run?"

"Mùtíù."

"Báwo lẹ wá ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́?"

Mo ní oyin á sọ fún un. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo sì gba àárín jogbo jáde.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kọkànlá. Ìbàdàn

Zulfah ní orí bàbá wa. Mo ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fi òrí pa á lára, mo ń na apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń bú mọ́ mi bí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Lónìí, lẹ́yìn tí ọmọ ti sùn, Láídé jókòó tì mí. "Mọ́mì, láti ọjọ́ Ẹtì tí ẹ ti dé, ẹ ò tíì jáde."

"Ọmọ ni mò ń tọ́jú."

"Ọmọ ti sùn. Ìyá ọkọ mi wà nílé. Lánàá wọ́n ní kẹ́ ẹ bá àwọn dé ọjà, ẹ ní kò yẹ kílé ṣófo. Ilé wo ló ṣófo, Mọ́mì? Èèyàn márùn-ún ló wà níbí."

Mo nu òrí kúrò lọ́wọ́ mi.

Mo wọ bàtà. Mo ṣí géètì, mo dúró díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo sì bọ́ sójú títì. Mo rìn dé ìkóríta, mo kọjá rẹ̀. Mo rìn dé òmíràn. Nígbà tí mo fẹ́ padà, mi ò mọ ibi tí mo gbà wá mọ́, mo sì ní láti béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe. Ó ní mo ti rìn jìnnà gan-an.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, n kò tètè dìde.